Ọlọ́wẹ̀ Ará Ìsẹ̀ àti Ilẹ̀kùn Tó Ń Wo Ẹni Tó Ń Wọlé

Bí o bá dúró níwájú ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, má ṣe wò ó láti iwájú nìkan. Sún sí ẹ̀gbẹ́. Láti iwájú, àwọn ènìyàn tí wọ́n tò ní ìpele-ìpele lórí pákó ni wàá rí, bí ilẹ̀kùn ààfin ti sábà máa ń rí nílẹ̀ Yorùbá. Ìgbà tí o bá dé ẹ̀gbẹ́ ni ojú rẹ tó máa là. Ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn náà ṣì lẹ̀ mọ́ pákó, ṣùgbọ́n bí o bá ṣe ń gbójú sókè sí ìbàdí, sí àyà, sí ọrùn, ni ara wọn ń kúrò lára igi, títí orí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró fúnra rẹ̀. Orí náà á sì yí sí ìta, sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bọ̀.

Igi kan náà ni pákó àti ènìyàn orí rẹ̀. Wọn kò gbẹ́ orí lọ́tọ̀ kí wọ́n wá kàn án mọ́ ọn. Kí orí tó lè yọ jáde tó bẹ́ẹ̀, oníṣẹ́ ní láti mú igi tó nípọn, kó fojú inú rí orí náà níbi tó wà lókè pátápátá, kó wá máa gbẹ́ gbogbo ohun tó yí i ká dànù títí yóò fi bá ìpìlẹ̀ pákó nísàlẹ̀. Èérún igi tó bọ́ sílẹ̀ níbi iṣẹ́ náà yóò ti pọ̀ ju ohun tó ṣẹ́ kù lọ. Ohun tí mo sì fẹ́ sọ nípa Ọlọ́wẹ̀ kò ju èyí lọ: títóbi rẹ̀ wà nínú ohun tó mọ̀ ọ́n yọ kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ wo àlàfo tó dá sílẹ̀, bó ṣe ń wo ère tó gbẹ́.

Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí i sí, ní nǹkan bí ọdún 1875. Ìlú agbẹ́gilére ni Ẹ̀fọ̀n. Ibẹ̀ ni ìdílé Adéṣínà wà, àwọn tó bí Agbọ́nbíọ̀fẹ́ tó gbẹ́ òpó fún ààfin Aláayè, ọba Ẹ̀fọ̀n. Ogun Kírìjì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí Ọlọ́wẹ̀ wà lọ́mọdé. Kò tíì dàgbà nígbà tí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní 1886. Ó kúrò ní Ẹ̀fọ̀n, ó lọ sí Ìsẹ̀, ó sì di ẹmẹsẹ̀ Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀.

Iṣẹ́ ẹmẹsẹ̀ yìí ṣe pàtàkì sí ohun tó gbẹ́ nígbẹ̀yìn. Ẹmẹsẹ̀ ló ń jẹ́ iṣẹ́ ọba. Ó mọ bí ọba ti ń jókòó nígbà tí àlejò bá dé, ó mọ ẹni tó ń dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó ń kúnlẹ̀ níwájú, ẹni tó ń mú abẹ̀bẹ̀ dání, ẹni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n á fi ní kó wọlé. Ó mọ bí ẹrù ti ń wúwo lórí arúẹrù. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọnà ló gbẹ́ ọba. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ọba bí ẹni tó ti dúró nínú ààfin fún ìgbà pípẹ́, tó ń wò láìsọ̀rọ̀.

Òkìkí rẹ̀ kàn kúrò ní Ìsẹ̀. Àwọn ọba Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ sí i, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì dé Àkúrẹ́, Ìdànrè àti Iléṣà. Láti 1910 sí 1914, Ìkẹ́rẹ́ ló fi ṣe ibùjókòó, ní ọ̀dọ̀ Ògògà. Nǹkan bí 30 iṣẹ́ ló ṣe síbẹ̀, òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ilẹ̀kùn. Ọba ló ń bọ́ ọ, ọba ló ń pèsè igi, òun náà sì kó àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dání. Nǹkan bí ọdún 1938 ló kú.

Kí a tó wo iṣẹ́ rẹ̀ fínnífínní, ó yẹ kí a rántí ibi tó ṣe é fún. Ààfin ayé ìgbà náà kì í ṣe ilé kan ṣoṣo. Àgbàlá ló ń tẹ̀lé àgbàlá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Àwọn òpó ló gbé etí òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà dúró, àárín àgbàlá sì wà ní ṣíṣí sí ojú ọ̀run kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, kí òjò sì lè rọ̀ sí i. Ẹni tó bá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà nínú ìbòòji, ìmọ́lẹ̀ sì ń ti àárín àgbàlá wá bá a. Nínú irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọnà tí kò jinlẹ̀ kì í hàn láti òkèèrè. Ojú á kàn rí pákó tó ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n orí tó bá yọ síta, tí àlàfo sì wà lẹ́yìn rẹ̀, á gba ìmọ́lẹ̀ sí iwájú orí àti imú, òjìji á sì dúró sí abẹ́ àgbọ̀n àti ẹ̀yìn etí. Bí oòrùn bá ṣe ń rìn, òjìji náà á máa rìn. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ igi jinlẹ̀ nítorí ó mọ irú ìmọ́lẹ̀ tí yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ gbé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Àwọn agbẹ́gilére Èkìtì àti Ìgbómìnà pín iṣẹ́ wọn sí ìpele mẹ́rin. Àlùfáà ìjọ Àgùdà kan, Kevin Carroll, tó bá àwọn agbẹ́gilére ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947, kọ orúkọ wọn sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́. Èkínní ni ọnà lílé. Àáké ni wọ́n fi ń lé ọnà: wọ́n á gé igi sí ìṣù ńláńlá, ibi tí orí yóò wà, ibi tí ara yóò wà, ibi tí ẹsẹ̀ yóò parí sí. Èkejì ni àlétúnlé, níbi tí wọ́n ti ń pín ìṣù ńlá sí kékeré, tí apá ń kúrò lára ìhà, tí etí àti ojú ń gba ààyè wọn. Ẹ̀kẹta ni dídán, nígbà tí wọ́n ń pa ojú àáké rẹ́ tí igi á sì jọ̀lọ̀. Ẹ̀kẹrin ni fínfín. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń fín ìlà irun, ilà ojú, ìlà aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ adé, gbogbo ohun wẹ́wẹ́ tó ń sọ fún wa ẹni tí ère náà jẹ́.

Ọmọ iṣẹ́ lè bá ọ̀gá rẹ̀ dán igi. Ọnà lílé ló le jù, nítorí igi tí àáké bá ti gé kúrò kò ní padà sí ipò rẹ̀ mọ́. Ní ilẹ̀kùn tí ọnà rẹ̀ kò jinlẹ̀, ẹni tó ń lé e lè ṣèèṣì kó sì rí ọgbọ́n dá sí i. Ní ilẹ̀kùn Ọlọ́wẹ̀, níbi tí orí wà lókè tí ẹsẹ̀ wà nísàlẹ̀, tí ara sì dagun láàárín méjèèjì, oníṣẹ́ ní láti ti rí ìdagun yẹn lọ́kàn kó tó gbé àáké sókè rárá. Tí wọ́n bá wá to ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà sórí ìlà kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yí orí síta, ìrònú tó wà nínú lílé ọnà náà ju ohun tí ẹnu lè sọ lọ.

Kò sì fi ojú pákó tó wà lẹ́yìn wọn sílẹ̀ lásán. Ó fín in, ó sì kùn ún, ìlà tó ń lọ tó ń bọ̀, igun tó ń bá igun pàdé, débi pé ẹ̀yìn àwọn ènìyàn náà dà bí aṣọ tí a ta sára ògiri. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ìlà fínfín náà wà ní pẹrẹsẹ, kò yọ síta. Bí ojú bá rí i lẹ́yìn, ìgbà náà ni ìyọsíta àwọn ènìyàn iwájú á túbọ̀ hàn kedere. Ó lo ohun tó fẹlẹ́ láti fi hàn wá bí ohun kejì ti nípọn tó.

Ó wá kan ìtàn tó gbẹ́ sára ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́. Aláwẹ́ méjì ni. Ní apá òsì, Ògògà ló jókòó pẹ̀lú àwọn ará ààfin rẹ̀, adé lórí, olorì lẹ́yìn. Ní apá ọ̀tún, àlejò ló ń bọ̀: Ambrose, ọ̀gá ológun òyìnbó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe alábòójútó Èkìtì nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ tí ogún sì ń wọlé. Wọ́n gbé e dání bọ̀ wá; àwọn arúẹrù àti ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ tò sí òkè àti ìsàlẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ gidi ni, ó ṣojú àwọn tó ṣì wà láàyè nígbà tí Ọlọ́wẹ̀ ń gbẹ́ ẹ. Bí ìlú tí kò ní ìwé ìròyìn ṣe fi ìròyìn pamọ́ nìyẹn, sí ibi tí gbogbo ẹni tó bá wọ ààfin yóò ti bá a pàdé.

Ẹ wo bó ṣe tò wọ́n. Ọba jókòó jẹ́ẹ́. Ara rẹ̀ gún, kò tẹ̀ sí ibì kankan. Ní awẹ́ kejì, ohun gbogbo ń rìn: ẹsẹ̀ ń gbé, ẹrù wà lórí, ara tẹ̀ lábẹ́ ẹrù. Àlejò náà, bó ti wù kí àṣẹ rẹ̀ pọ̀ tó, ẹlòmíràn ló ń gbé e. Ọlọ́wẹ̀ kò fi àlejò ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó fún un ní ààyè tirẹ̀ lórí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ àṣà wa mọ̀ pé ẹni tó jókòó sílé tí wọ́n wá bá ló ni ọlá. Ìjókòó àti ìrìn nìkan ló fi sọ ọ́. Ní àkókò tí òyìnbó ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ọba, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn kan tó ń rán ìlú létí ẹni tó ni ilé.

Mo tún fẹ́ kí a wo àwọn arúẹrù náà. Oníṣẹ́ mìíràn ì bá gbẹ́ ẹyọ kan kó sì tún un gbẹ́ títí ìlà á fi kún, torí wọn kì í ṣe ẹni ńlá. Ọlọ́wẹ̀ fún wọn ní ọrùn tó ń gbé ẹrù àti orí tó ń wo ìta. Ẹni tó ru ẹrù ọba àti ẹni tó jẹ́ ọba, ojú àwọn méjèèjì ló ń pàdé ojú ẹni tó ń wọlé.

Òpó tó gbẹ́ sí ààfin kan náà tún fi apá mìíràn nínú ọgbọ́n rẹ̀ hàn. Ọ̀kan nínú wọn wà ní ilé ìkóhun-ọnà-sí Art Institute of Chicago ní Amẹ́ríkà láti 1984. Gíga rẹ̀ kọjá mítà kan ààbọ̀ díẹ̀. Ọba ló jókòó níwájú, adé gíga lórí rẹ̀, ẹyẹ ní ṣóńṣó adé. Àwọn ènìyàn kéékèèké wà nísàlẹ̀, lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni olorì àgbà dúró sí, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lára ìtẹ́ ọba. Obìnrin yìí ló ga jù. Ó ga ju ọba lọ, ọrùn rẹ̀ gùn, ara rẹ̀ lágbára, ojú rẹ̀ sì ń wo iwájú lórí adé ọba.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lè béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe máa gbẹ́ obìnrin tóbi ju ọba lọ nínú ààfin ọba. Ìdáhùn wà nínú ìṣe wa àti nínú iṣẹ́ òpó. Ní ilẹ̀ Èkìtì, obìnrin ló ń gbé adé lé ọba lórí lọ́jọ́ ìwúyè. Òpó sì wà láti gbé òrùlé ró. Ọlọ́wẹ̀ gbé ìwúwo òrùlé gba ara obìnrin kọjá. Ọba kéré, ó rọra jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ kanlẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń ru ilé. Ohun tí àwọn àgbà mọ̀ nípa àṣẹ ọba, ó sọ ọ́ pẹ̀lú igi tí ó tún ń ṣe iṣẹ́ òpó lóòótọ́.

Ẹ wá wo àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Igi kan ṣoṣo ni, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín ẹ̀yìn ọba àti àyà olorì kọjá. Apá obìnrin náà la àlàfo náà kọjá lọ bá ìtẹ́. Láti gbẹ́ irú ibẹ̀, irin ní láti wọlé láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títí yóò fi pàdé láàárín, láìṣẹ́ apá, láìfọ́ ìtẹ́, ní ara igi tí wọ́n máa fi gbé òrùlé. Bí ó bá gbẹ́ ẹ jù, òpó á rọ. Bí kò bá gbẹ́ ẹ tó, ère á kú sínú igi. Ó dúró gan-an níbi tó yẹ.

Ní ilé ìkóhun-ọnà-sí Metropolitan ní New York, òpó rẹ̀ mìíràn wà, tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 180. Jagunjagun lórí ẹṣin ló wà lókè, obìnrin tó kúnlẹ̀ ló sì gbé e ró nísàlẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ wo irú òpó bẹ́ẹ̀ nínú ààfin ṣì ń gbọ́ ìtàn ogun lẹ́nu àwọn tó jà á.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣì ń ṣiyèméjì pé àlàfo ni ohun èlò Ọlọ́wẹ̀, kó lọ wo ọpọ́n tó wà ní ilé ìkóhun-ọnà Áfíríkà ti Smithsonian ní Washington. Ọpọ́n onídèérí ni. Lórí ọmọrí rẹ̀, àwọn obìnrin ń jó yí ká. Nísàlẹ̀, àwọn tó kúnlẹ̀ gbé ọpọ́n náà ró, wọ́n sì yí àlàfo kan ká. Nínú àlàfo yẹn ni orí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wà. Orí náà ń yí. O lè fi ìka tì í kó yípo, ṣùgbọ́n o kò lè mú un jáde, torí ó tóbi ju àyè tó wà láàárín àwọn tó kúnlẹ̀ lọ. Wọn kò tì í bọ ibẹ̀. Inú igi kan náà ni Ọlọ́wẹ̀ ti gbẹ́ ẹ, ó ti irin bọ àárín àwọn tó kúnlẹ̀, ó gé orí náà kúrò lára igi tó yí i ká, ó gbẹ́ ojú, imú, ẹnu àti irùngbọ̀n sí i nínú àyè há há bẹ́ẹ̀, ó wá já a níkẹyìn kó lè máa yí. Ó di orí tó wà lómìnira nínú àhámọ́. Kò sí ìdí kan tí ọpọ́n fi nílò irú orí bẹ́ẹ̀. Ó ṣe é torí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe, àti kí ẹni tó bá gbé ọpọ́n náà lè mọ ọwọ́ tó ṣe é.

Ọ̀nà wo ló yẹ kí a gbà yẹ irú iṣẹ́ báyìí wò? Àwọn baba wa ní ọ̀rọ̀ tiwọn fún un. Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Farris Thompson ti Amẹ́ríkà bẹ ọ̀pọ̀ abúlé àti ìlú Yorùbá wò ní àwọn ọdún 1960, ó ní kí àwọn ará ìlú máa yẹ ère wò níṣojú òun, kí wọ́n sọ èyí tó dára àti ìdí rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún un jẹ́ òfin tó jinlẹ̀. Wọ́n ní ère gbọ́dọ̀ ní jíjọra: kó jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kó má jọ ẹnì kan pàtó jù. Ó gbọ́dọ̀ ní ìfarahàn, kí gbogbo ẹ̀yà ara hàn kedere. Ó gbọ́dọ̀ dán. Ó gbọ́dọ̀ gún. Ó sì gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀dọ́, kó má ṣe jẹ́ ọmọdé, kó má sì gbó.

Bí a bá fi òfin yìí wọn Ọlọ́wẹ̀, a ó rí i pé ó mọ̀ wọ́n dáadáa, ó sì ní ìgboyà láti nà wọ́n. Ìfarahàn rẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ọ̀dọ́ wà lára gbogbo wọn. Ọrùn wọn gún régé, ara wọn le koko. Ọ̀rọ̀ gígún ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe. Aréògún ará Òsì, agbẹ́gilére ńlá tó kú ní 1954, gbẹ́ ilẹ̀kùn tó kún fọ́fọ́ fún ènìyàn, ẹran àti ẹyẹ, ṣùgbọ́n ọnà rẹ̀ sún mọ́ pákó, gbogbo wọn sì dúró ní títò. Ẹwà ìtò ni ẹwà tirẹ̀, mo sì bọlá fún un. Ọlọ́wẹ̀ fi gígún sílẹ̀ fún ọba, ó sì jẹ́ kí àwọn yòókù tẹ̀, kí wọ́n yí, kí wọ́n dagun. Nípa bẹ́ẹ̀, gígún kò jẹ́ òfin lásán mọ́. Ó di ohun tó ń sọ ipò ènìyàn.

Ní 1924, wọ́n kó ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Wembley ní London, níbi ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ògògà ló yá wọn. Àwọn aláṣẹ British Museum rí i, wọ́n sì fẹ́ rà á. Ògògà kò gba owó. Ó ní kí wọ́n ṣe ìtẹ́ ọba fún òun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀. Wọ́n ṣe é, ilẹ̀kùn sì dúró sí London, níbi tó wà títí di òní. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ òmíràn dípò rẹ̀ fún ààfin. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Mo bọ̀wọ̀ fún ìpinnu ọba yẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n fẹ́ gbà, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn náà ló sì béèrè. Kò jẹ́ kí wọ́n fi owó wọn ohun tí ọba Ìkẹ́rẹ́ fi ń ṣí ilé rẹ̀. Ó sì mọ̀ pé ẹni tó gbẹ́ ti àkọ́kọ́ ṣì wà láàyè, àáké rẹ̀ ṣì mú.

Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni náà kò bá ilẹ̀kùn rẹ̀ wọ òkìkí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ní ọ̀rúndún tó ṣáájú, àwọn kan wà tí wọ́n ń fi irin fín àwòrán ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ sára bàbà àti irin, kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. John Le Keux, tí wọ́n bí ní 1783 tó sì kú ní 1846, wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ nínú àwọn ìwé tí John Britton ṣe lórí àwọn ilé àtijọ́ ilẹ̀ náà. Irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń fín orúkọ ara rẹ̀ wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ àwòrán, torí náà ẹni tó bá ra ìwé ní ìlú jíjìn lè mọ ẹni tó ṣe é. Le Keux gbé ilé sórí ìwé. Ọlọ́wẹ̀ gbé ìtàn sára ilé, ìlú tó ń gbé inú rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n. Kò rò pé ilé yóò rin ìrìn àjò.

Ibi tí Yorùbá máa ń fi orúkọ sí ni wọ́n fi tirẹ̀ sí: ẹnu. Ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n John Pemberton ti Amẹ́ríkà dé Ìsẹ̀, ó sì bá ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ tó ṣì wà láàyè, Olójú-ifún. Ìyá àgbà náà ki ọkọ rẹ̀ fún un. Ó sọ bí igi líle ṣe rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ka àwọn ìlú tó ti ṣiṣẹ́, ó dárúkọ àwọn ọba. Oríkì yẹn jẹ́ ìwé ẹ̀rí fún iṣẹ́ rẹ̀. Ó sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibi tó yẹ kí wọ́n wá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣáájú èyí, ní 1944, Philip Allison ti kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà kan ní Nàìjíríà. Ní 1998, Roslyn Walker kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ fún ìpàtẹ ní ilé ìkóhun-ọnà ti Smithsonian, wọ́n sì kọ orúkọ Ọlọ́wẹ̀ gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà.

Ní Ilé-Ogbó wa níbí, àti ní Kúta àti Ìwó tó múlé gbè wá, sìmẹ́ńtì ló ń gbé òrùlé báyìí, irin sì ni ilẹ̀kùn ilé tuntun. N kò bínú sí i. Ikán kì í jẹ irin, olè kì í sì í tètè fọ́ ọ. Ohun tó dùn mí ni pé a ti ń gbàgbé bí a ṣe ń wo iṣẹ́. Wẹ́dà tó tẹ irin mọ́ra wọn títí ó fi di òdòdó, bíríkìlà tó fọwọ́ ya ọnà sí orí òpó iwájú ilé, àwọn náà ń lé ọnà, wọ́n ń dán, wọ́n ń fín. A máa ń béèrè iye tó gbà. A kì í béèrè ibi tó ti kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni a kì í wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ìpínlẹ̀ wa yìí náà ni Ìlá Ọ̀ràngún wà, níbi tí Làmídì Fákẹ́yẹ ti wá, ẹni tó fi àáké gbọ́ bùkátà tó sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ kó tó di olóògbé ní 2009. Iṣẹ́ náà kò kú. Ojú tó ń wò ó ló yẹ kó jí.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín rọrùn. Bí ẹ bá dé ààfin tó ṣì ní òpó gbígbẹ́ tàbí ilẹ̀kùn àtijọ́, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, kí ẹ sì dúró tì í pẹ́. Ẹ wo ibi tí igi kò sí mọ́. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ lọ́wọ́ àgbà tó bá ṣì mọ̀ ọ́n, ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìlú rẹ̀ àti ti ọba tó pè é, kí ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ yín ní oríkì rẹ̀ bí ẹ bá rí ẹni kì í fún yín. Iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ dé London, Chicago, New York àti Washington láìsí orúkọ lára rẹ̀, obìnrin kan ní Ìsẹ̀ ló sì fi ẹnu tọ́jú orúkọ náà fún 50 ọdún. Àwọn oníṣẹ́ tiwa náà yẹ lẹ́ni tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn.